Níbo ni lẹ́tà Prof wọlé sí?

"Gbogbo lẹ́tà mi ti lọ o!" Bí Prof ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lórí fóònù, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí "ẹ káàárọ̀ sà." Ọjọ́ kẹfà rèé tí ẹnì kan ti bá wọn yọ Windows 7 kúrò lórí láptọ́ọ̀pù, tó fi Windows 10 sí i. Ó dá Eudora padà sí i pẹ̀lú. Eudora ṣí lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni. Ímeèlì ọdún 17, pẹ̀lú àbájáde ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ránṣẹ́, kò sí ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tó jẹ́ Gmail orí fóònù nìkan lẹ mọ̀, ẹ lè má gbọ́ orúkọ Eudora rí. Steve Dorner ló kọ ọ́ ní 1988 ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà. Qualcomm gbà á nígbà tó yá, 2006 sì ni ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn fún Windows jáde. Òkè òkun ni Prof ti mọ̀ ọ́n lò, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ̀ Google ni lẹ́tà Gmail ń gbé. Fóònù yín kàn ń yọjú wò ó ni. Eudora Prof ní tiẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní POP ló ń lò: ó ń kó lẹ́tà wá sórí láptọ́ọ̀pù, á sì ní kí server pa tiẹ̀ rẹ́. Tó bá sọnù lórí láptọ́ọ̀pù, ó sọnù nìyẹn.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni pé lẹ́tà kì í gbé inú Eudora fúnra ẹ̀. Àpótí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ parí sí .mbx, bíi In.mbx. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀, Notepad lè ṣí i. Tí wọ́n bá sì fi Windows tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìnu díìsìkì mọ́, ẹrù àtijọ́ máa ń wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10, Windows 10 á pa á rẹ́. Ọjọ́ kẹfà la sì wà yìí! Mo ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́, mò ń bọ̀."

Mo débẹ̀, mo wọ Program Files inú Windows.old, mo rí fódà Eudora. Mo ṣí In.mbx: 2010 ni lẹ́tà tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Prof wò mí bíi pé èmi ni mo jẹ ìyókù.

Láti ìgbà Windows Vista ni wọn ò ti jẹ́ kí ètò lásán máa kọ nǹkan sínú Program Files, kí fáírọ́ọ̀sì má baà rọ́nà ba ti ẹlòmíì jẹ́. Eudora ti dàgbà ju òfin yìí lọ. Windows wá ń ṣe bíi bàbá onílé tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àmọ́ tí kò lè bá ìyá arúgbó inú ilé jà. Bí ìyá bá ti gbé ẹrù kalẹ̀, bàbá á rọra gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Bí ìyá bá béèrè, á gbé e wá. Ìyá ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

VirtualStore ni orúkọ yàrá ẹ̀yìn náà. Inú AppData\Local ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló wà, AppData sì máa ń fara pamọ́, àfi kí ẹ lọ sí View kí ẹ mú Hidden items. Ibẹ̀ ni mo ti bá In.mbx tó kún dé 2021.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Fáìlì tí Eudora bá kọ nǹkan sí nìkan ló ń dé VirtualStore. Àpótí tí Prof ò fọwọ́ kàn láti 2010 ṣì wà ní Program Files. Ẹni tó bá kó ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ ti ṣòfò. Mo kọ́kọ́ kó ti Program Files sínú fódà kan ní Documents, mo wá kó ti VirtualStore lé e lórí. Lẹ́yìn náà, mo kọ àdírẹ́sì fódà yẹn sẹ́yìn Eudora.exe nínú Target àmì tí wọ́n fi ń ṣí i. Ó ṣí, lẹ́tà kún bámú.

Prof ní kí n jẹ́ kó máa gba lẹ́tà tuntun náà. Ìyẹn àìsàn ọ̀tọ̀ ni jàre, ó ti wà kí Windows tó yí padà. TLS ni Eudora àti server fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, èyí tí Eudora gbọ́ sì ti di ti àtijọ́; ní 2021 ni IETF kéde pé kí wọ́n jáwọ́ nínú TLS 1.0 àti 1.1. Mo fi Thunderbird sí i fún lẹ́tà tuntun, Eudora wà fún kíka ti àtijọ́. Inú wọn ò dùn sí i tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kúrò, mo kó gbogbo ẹ̀ sórí fláàṣì méjì. Prof gba ọ̀kan, wọ́n sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.