Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀pọ́ksì Wọ Inú Nọ́ọ̀tì
Ìwé ìlàlóye fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfuurufú

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ẹni tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré nínú gáréèjì ara rẹ̀ la kọ ọ́ fún, pàápàá irú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóòmù, aṣọ fáíbà àti ẹ̀pọ́ksì (àtè olómi tó máa ń gan) ṣe. Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀. Ní 1975 ni VariEze, ọkọ̀ tí Burt Rutan ṣe ní Mojave ní ìpínlẹ̀ California, kọ́kọ́ gbéra sókè. Long-EZ tẹ̀lé e ní 1979. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe ẹnjiníà ti ń ra àwòrán ọkọ̀, tí wọ́n sì ń kàn án nílé. FAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, fàyè gbà á, bí ẹni náà bá lè fi hàn pé òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún, fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ara rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nọ́ọ̀tì tí ẹ̀pọ́ksì bá ti wọ̀ kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Kí ẹ tó po ẹ̀pọ́ksì rárá ló sì rọrùn jù láti dènà rẹ̀.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

AN3 wà lára bóòtù tó wọ́pọ̀ jù lára ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Kò nípọn ju 3/16 ínǹṣì lọ, tíríìdì 32 ló sì wà lórí ínǹṣì kan rẹ̀. Àlàfo inú tíríìdì yìí há débi pé ẹ̀pọ́ksì tútù kì í dúró kí ẹnikẹ́ni tì í wọlé. Fúnra rẹ̀ ló ń fà wọ ibẹ̀, bí epo àtùpà ṣe ń gun òwú.

Bó bá gan síbẹ̀ tán, bóòtù lè kọ̀ láti wọlé. Ìyẹn sàn díẹ̀, nítorí ẹ ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Èyí tó burú ni pé kí bóòtù wọlé, kó sì máa le. Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń yí bóòtù, á ka iye tí ìwé ní kó kà, ínǹṣì-pọ́n-ùn 20 sí 25 fún AN3, 50 sí 70 fún bóòtù AN4, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀pọ́ksì ni sípánà ń bá jà. Agbára tó yẹ kó fún irin méjì pọ̀ ti tán sára ẹ̀pọ́ksì, ohun tí ẹ fẹ́ dè kò sì tíì dì. Lóòótọ́, ìwé FAA tí wọ́n ń pè ní AC 43.13-1B ní kí a wọn agbára tí nọ́ọ̀tì fi ń dènà yíyí, kí a fi kún iye tọ́ọ̀kì. Nọ́ọ̀tì tó mọ́ ni ìṣirò yẹn wà fún. Ìdènà ti ẹ̀pọ́ksì kì í dọ́gba: ó le níbí, ó fọ́ lọ́hùn-ún, bí ẹ́ńjìnì bá sì ti ń gbọ̀n, ó lè dẹ̀ lójijì.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni nutplate. Nọ́ọ̀tì tó ní etí ni, bíi K1000. Wọ́n á fi rífẹ́ẹ̀tì kan etí rẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ tàbí pákó, wọ́n á sì rì í mọ́ inú ara ọkọ̀ níbi tí sípánà kò lè dé. Bí bóòtù tó há bá fipá yí i, ó lè já kúrò, kó wá máa bá bóòtù yí. Kò sí ọwọ́ tó máa lè dì í mú. Ara ọkọ̀ tí ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dán ni ẹ ó gé.

Báwo lẹ ṣe máa dáàbò bò ó?

Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha irin tó gbé nutplate, kí ẹ sì fi ásítóònù nù ún mọ́. Ẹ mú bóòtù kan tí kò ní bá ọkọ̀ fò láé, kí ẹ kun orí rẹ̀ lọ́dà pupa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í lò. Ẹ fi àbẹ́là ra tíríìdì rẹ̀ títí àlàfo inú rẹ̀ á fi dí. Ẹ yí i wọ nutplate títí ẹnu rẹ̀ á fi yọ díẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá fi amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré bo ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, kí ẹ tẹ ìdí amọ̀ náà mọ́lẹ̀ yí ká. Ibi tí ó bá ti gbé díẹ̀ ni ẹ̀pọ́ksì máa gbà wọlé. Nutplate kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dí pa látilé iṣẹ́. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n a rò pé owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ibi tí ẹ kò ní lè dé mọ́.

Àbẹ́là àti gíríìsì kò gbọ́dọ̀ kan ibi tí ẹ̀pọ́ksì yóò ti lẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn wọ́n tán, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ fáíbà. Ẹ má lo sílíkọ́ọ̀nù rárá, nítorí ẹ̀pọ́ksì kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ti kàn, kì í sì í ṣeé nù kúrò bọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀pọ́ksì kò bá fà mọ́, tí èékánná sì ṣì lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ yí bóòtù pupa náà díẹ̀ síwá-sẹ́yìn, kí ẹ sì fi sílẹ̀ títí ó fi máa gan.

Bó bá ti wọlé ńkọ́?

Bó bá ṣì tutù, ásítóònù á nù ún. Tara nọ́ọ̀tì la ń wí o. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ara yín, nítorí ásítóònù lè gbé ẹ̀pọ́ksì wọ awọ ara. Bó bá ti gan, ásítóònù kò ràn án mọ́. Ooru ló ń jẹ́ kó rọ̀. Ẹ gbé irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó lẹ́ẹ̀dì lé orí bóòtù, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì rọra yí i. Ẹ má lo iná tó ń jó fòò: fóòmù á yọ́ nínú, òmíràn sì máa ń yọ èéfín olóró.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé kí ẹ ki táàpù, irin tí wọ́n fi ń gé tíríìdì, bọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò tíríìdì lásán nínú áluminíọ́mù, ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá fọwọ́ rọra yí i. Ṣùgbọ́n K1000 ní ibì kan tí wọ́n fún pọ̀ kó lè máa di bóòtù mú. Ibẹ̀ gan-an ni táàpù máa gé dànù. Nọ́ọ̀tì báyìí tó bá jẹ́ kí ìka lásán yí bóòtù kọjá ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó bo ibẹ̀ pa

Olùyẹ̀wò tó máa fún ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí kò lè rí abẹ́ aṣọ fáíbà. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò nutplate kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín. Láàárín oṣù 12 síra wọn ni àyẹ̀wò ọkọ̀ tún gbọ́dọ̀ máa wáyé, ìdérí ẹ́ńjìnì á sì ṣí nígbà kọ̀ọ̀kan, torí náà àwọn nọ́ọ̀tì yìí ní láti máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ po ẹ̀pọ́ksì lónìí, ẹ fọwọ́ kan gbogbo ihò bóòtù tó wà níwájú yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá wà tí kò tíì ní ìbòrí, ẹ má tíì ṣí agolo.