Kọ̀ǹpútà Yín Ò Tíì Kú

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ẹjọ́ kan náà ni àwọn èèyàn ń kó wá bá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ìkìlọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, onítọ̀hún ní ẹ̀rọ ti kú, kí wọ́n mówó wá. Irọ́ ni! Ẹ̀rọ náà á tàn lónìí, á tàn lọ́la, project akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa, BOUESTI, tó wà nínú rẹ̀ á sì ṣí bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀. Update oṣooṣù ló dáwọ́ dúró, èyí tí púpọ̀ nínú yín ti ní kí wọ́n bá yín pa nítorí pé ó ń jẹ dátà.

Ẹ ò mọ iṣẹ́ tí update ń ṣe ni. Ihò ló ń dí. Èèyàn ló kọ àṣẹ tí Windows fi ń ṣiṣẹ́, èèyàn a sì máa ṣàṣìṣe. Àṣìṣe kan ṣoṣo lè jẹ́ kí àjèjì wọ inú kọ̀ǹpútà yín láìjẹ́ pé ẹ tẹ ohunkóhun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń kó àtúnṣe jáde fún irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn, torí wọn kì í sọ ọ́ fún yín. Púpọ̀ nínú àṣẹ tó wà nínú Windows 11 ló wà nínú Windows 10. Bí Microsoft bá ti dí ihò kan lára 11, àwọn ọ̀daràn á gba àtúnṣe náà, wọ́n á gbé fáìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ihò náà wà. Wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì là sílẹ̀ lára 10. Àtúnṣe tó dáàbò bo ẹnìkan ti júwe ilé ẹlòmíràn fún olè nìyẹn, oṣooṣù ló sì ń ṣẹlẹ̀. Antivirus ò lè dí ihò. Olè tó bá dá mọ̀ ló ń lé.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan: ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft dí ihò kan lára Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò yẹn wọlé, ó ti fáìlì àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa, ó ń béèrè owó. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀, wọn ò gbà á ni.

Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ sórí Windows 11, ó ń béèrè TPM, ìyẹn èròjà ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti ń fi gbowó yín, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ná. Bí ẹ bá ní HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀, ẹ wo orúkọ processor rẹ̀, bíi i5-6300U. 6 tó tẹ̀ lé àmì (-) yẹn ni ìran rẹ̀; ní gbogbogbòò, láti ìran kẹjọ ni Microsoft ti ń gba Intel sórí 11. Ẹni tó ní òun á ra TPM sí i fún yín ń jà yín lólè. Ẹni tó fi ọgbọ́n ẹ̀yìn gbé 11 sórí rẹ̀ ń tàn yín pẹ̀lú, torí Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ pa antivirus kí òun tó fi activator, tí wọ́n fi ń lo Windows láìsanwó, sí i, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ kọ́kọ́ da àwọn fáìlì yín sórí hard disk mìíràn. Bí Windows 10 yín bá jẹ́ version 22H2, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Windows Update, ẹ tẹ "Enroll now". Àtúnṣe ààbò á máa wọlé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Àkáǹtì Microsoft ni ẹ ó fi wọlé; ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá jẹ́ kí Windows fi ètò kọ̀ǹpútà yín pamọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè san 30 dọ́là. Lẹ́yìn ìyẹn, Linux Mint wà tó lè rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ àtijọ́, LibreOffice rẹ̀ sì ń ṣí fáìlì Word.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní business centre, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù. NIN, fọ́tò àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kún inú kọ̀ǹpútà yín. Èyí tí kò bá gba àtúnṣe mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa tẹ̀wé lásán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki flash rẹ̀ bọ̀ ọ́.