Owó Orí Ọjà àti Àgbẹ̀ Tí Ń Bọ́ Ìkòtún

Ẹni tó bá dé ọjà Ìkòtún ní kùtùkùtù, nígbà tí ọkọ̀ ajàgbé ṣì ń já iṣu àti tòmátì kalẹ̀, tí àwọn obìnrin tó ti àkùrọ̀ dé sì ń di ṣọkọ̀ àti tẹ̀tẹ̀ ní ìdì-ìdì, yóò rí i pé kò sí ẹni tí í bu owó orí ọjà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí VAT, lé owó ẹ̀fọ́. Láti ọdún 1994 tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí ìjọba ń gba náírà 5 lórí 100, tí ó sì di náírà 7 àti kọ́bọ̀ 50 ní oṣù Èrèlé 2020, oúnjẹ wa kò sí nínú rẹ̀ títí di òpin ọdún 2025.

Àánú ńlá ni lójú ẹni tí kò wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn, àgbẹ̀ aroko-bọ́-ìlú tí kì í gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà a máa san án bí òun náà bá ra bàtà òjò, àpò tàbí páìpù. Oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ a yọ VAT tó san lórí ọjà tó fẹ́ tà kúrò nínú èyí tó gbà, kí ó tó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ìjọba. Àgbẹ̀ tí kò gba nǹkan kan kò ní ibi tí yóò ti yọ tirẹ̀. Páìpù ₦40,000 di ₦43,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ₦3,000 yẹn sì di àdánù, àfi bí ó bá rọra dà á sórí owó ẹ̀fọ́ tí èmi àti ìwọ ń rà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ètò tó ń dí irú àdánù bẹ́ẹ̀: àgbẹ̀ tí kò fẹ́ wàhálà ìwé lè bọ́ kúrò nínú VAT, kí ó fi 4 lórí 100 kún owó ọjà tó bá tà fún oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀, kí ó sì fi í sápò ara rẹ̀ láti dí ohun tó ti ná. Ẹni tó ra ọjà náà ni yóò gba àfikún yẹn padà lọ́dọ̀ ìjọba.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi oúnjẹ sínú VAT, ṣùgbọ́n òdo ni iye tí a ó gbà lórí rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lè béèrè èyí tó ti san padà. Ajílẹ̀ àti irúgbìn náà wà lábẹ́ òdo, èyí sì ran àgbẹ̀ tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá lọ́wọ́.

Mo yin òfin yìí tọkàntọkàn. Síbẹ̀ ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ló lè gba owó padà, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin elẹ́fọ̀ọ́ inú àkùrọ̀ kò ní rìsíìtì páìpù kankan, torí pé ẹni tó tà á fún un kò kọ ọ́. Ní tèmi, ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni ìbá bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mu jù, bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ní í kó ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kí a tó rí i gbà, kí àwọn àgbẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún wà, máa ra irinṣẹ́ pọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, kí ẹgbẹ́ náà forúkọ sílẹ̀, kí akọ̀wé sì máa gba rìsíìtì kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan.