Ìtumọ̀ «Character» Nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Ara Orúkọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní «character» kì í ṣe àjèjì sí àwa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Bí a bá lò ó fún ènìyàn, ìwà ni a máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ nínú eré-oníṣe tàbí ìtàn-àròsọ, ẹ̀dá-ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ìlò kẹta wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́ láìbéèrè ohun tí ó jẹ́, èyíinì ni ìlò rẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àmì tí a fín sára nǹkan ni, bí olóòlà ti ń fi abẹ kọlà sí ojú ènìyàn. Nínú ìlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti kọ̀ǹpútà yìí ni ó sún mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà jù lọ.

Kọ̀ǹpútà kò mọ A, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ B. Iye ni ó mọ̀, ohun méjì péré ni ó sì fi ń ka iye náà: kí iná wà, tàbí kí ó má sí. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí kò ní ka èyí sí ohun ìyanu. Awẹ́ mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè, ó sì lè dojú bolẹ̀. Láti inú èyí ni odù 256 ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyè mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà ṣe ń bí iye 256. Ní ọdún 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹnu kò lórí àtẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ASCII. Àyè méje ni wọ́n lò, iye 128 ni ó sì jáde. Lórí àtẹ náà, 65 ni A ńlá, 79 ni O ńlá; àlàfo tí a ń fi sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì pàápàá ní iye tirẹ̀, èyí tí í ṣe 32. Ohunkóhun tí ó bá ti ní iye tirẹ̀ báyìí, ìbáà ṣe lẹ́tà, ìbáà ṣe àmì ìdánudúró, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «character».

Èmi yóò máa pè é ní ẹyọ-àmì láti ìhín lọ. «Lẹ́tà» kò lè gba ipò rẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb. Lójú ẹ̀rọ, ẹyọ-àmì méjì ni, 103 fún g àti 98 fún b.

Àwọn tí ó ṣe ASCII kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ. Ní ọdún 1991 ni àtẹ mìíràn jáde tí à ń pè ní Unicode, tí ó pinnu láti fún gbogbo ìkọ̀wé ayé ní iye tiwọn. Ẹyọ-àmì inú rẹ̀ ti ju 150,000 lọ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ ìlú méjì dán an wò. Nínú Oǹdó, O jẹ́ 79, ǹ jẹ́ 505, d jẹ́ 100, ó jẹ́ 243. Lẹ́tà mẹ́rin, ẹyọ-àmì mẹ́rin. Nínú Àkúrẹ́, À jẹ́ 192, k jẹ́ 107, ú jẹ́ 250, r jẹ́ 114; ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí ẹ́, kò sí iye kan ṣoṣo fún un. Ẹ ní 7865, àmì ohùn òkè sì dá dúró pẹ̀lú 769 tirẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún, ẹyọ-àmì mẹ́fà. Ọ̀wọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀: lẹ́tà mẹ́ta, ẹyọ-àmì márùn-ún. Àwọn àgbà olùkọ́ tí ó lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa, nítorí wọn a tẹ lẹ́tà tán, wọn a sì fi gègé fi àmì lé e lórí.

Kí ni ó dé tí Oǹdó fi rí ojúrere tí Àkúrẹ́ kò rí? Àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ nínú ìkọ̀wé tiwọn, nítorí tiwọn sì ni lẹ́tà méjèèjì fi rí àyè lórí àtẹ. Ǹ ní tirẹ̀ wọlé ní ọdún 1999 nítorí àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n nílò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ábídí Látìn kọ èdè wọn. Àwa kàn bá wọn wọ ọkọ̀ ni. Ẹ́ kò rí ẹni gbé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn alátẹ sì pinnu pé àwọn kò ní fi iye tuntun fún lẹ́tà tí a lè fi ẹyọ-àmì tí ó ti wà nílẹ̀ tò pọ̀. Lójú tèmi, ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ kò dọ́gba lórí èdè gbogbo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan lè lo 7865 àti 769. Ẹlòmíràn lè lo e lásán, 101, kí ó fi 803, àmì abẹ́ lẹ́tà, sí i, kí ó tó fi 769 lé e. Ẹnì kẹta lè mú é, 233, kí ó fi 803 sí ìdí rẹ̀. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún ẹ̀rọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó bá fi ọ̀nà kìíní kọ «Àkúrẹ́» sínú ìwé rẹ̀, tí ẹlòmíràn ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ sì fi ọ̀nà kejì wá a, ẹ̀rọ lè dáhùn pé kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Òfin Unicode sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì sọ wọ́n di ọ̀nà kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ẹni tí ó bá ń kó orúkọ tàbí oríkì jọ sínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ fún un bóyá ó ti ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ náà kan owó pẹ̀lú. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kan ń gba ẹyọ-àmì 160 bí ó bá jẹ́ ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì lásán. Bí ẹ kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, 70 ni yóò máa gbà. Iṣẹ́ tí ìbá jẹ́ ẹyọ kan lè di mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni owó rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń já àmì sílẹ̀, tí ìlú Ọ̀wọ̀ fi ń jọ owó tí a ń ná.

Ó ku ti títo orúkọ. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ní ábídí wa a máa fi iye tò wọ́n. Oǹdó tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 79 yóò ṣáájú Àkúrẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192, Ìdànrè yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú 204, Ọ̀wọ̀ yóò sì kẹ́yìn pẹ̀lú 7884. Ìlànà tí ó fi ẹ sí ẹ̀yìn e, tí ó sì fi gb sí ẹ̀yìn g, ti wà nínú àkójọ CLDR tí àwọn Unicode ń tẹ̀ jáde; a ní láti sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni èdè tí a ń tò kí ó tó lò ó.