Ẹ Mú Ọmọ Yín Dání Lọ Sọ́jà

 

Bí ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn bá ti ń sún mọ́lé, ìwé ẹ̀yáwó máa ń pọ̀ lórí tábìlì mi. Tí mo bá wo ibi tí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ yá owó sí, owó ilé ìwé àti owó lẹ́sìnnì ló máa ń ṣíwájú. N kò ní kí ẹ má yá a o, torí ẹ̀ la ṣe dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí owó lẹ́sìnnì kò lè rà, tí ọmọ sì lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí ẹ̀yin òbí ń lọ lójoojúmọ́.

Nígbà tí ìjọba ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, àwọn ọmọ wà nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò, àmọ́ bátìrì ń tán, iná ń lọ. Ọ̀pọ̀ òbí káwọ́ lérí pé àwọn ò mọ̀wé tó, kí làwọn máa fi kọ́ ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ìyá tó ń ta ata láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń fún èèyàn ní ṣéńjì láìmú bírò, ọ̀gá nínú ìṣirò ni. Òun ni kò mọ̀ pé tíṣà lòun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Ọba níbí. Bí ìyá ọlọ́jà bá ní kí ẹ mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà wá, ọmọ òde òní á la ẹnu sílẹ̀: "Màámi, èló nìyẹn?" Ẹ má kàn pè é ní Gẹ̀ẹ́sì fún un kí ẹ sì máa lọ. Ẹ tú u. Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, ìyẹn 600. Ẹ yọ ọgọ́rùn-ún kúrò níbẹ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àádọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Àádọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin tó dín mẹ́wàá. Ẹ wá bi í léèrè àádọ́rùn-ún, kó tú u fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá lè ṣe èyí ti mọ ìsọdipúpọ̀ àti àyọkúrò nínú orí.

Ọ̀rọ̀ kóńgò tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ bu omi píọ̀ wọ́tà sínú kóńgò ti ilé, kó ka iye ọ̀rá tó kún un, kó sì ka iye omi tí wọ́n kọ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ra gàrí dé, kó fi kóńgò yẹn wọ̀n ọ́n. Bí kò bá pé, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó sì mọ ènì pẹ̀lú, pé ẹni tó bu ènì púpọ̀ lè ti fowó lé ọjà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ pé kí ẹ gbé igbá lé ọmọ lórí kó máa kiri o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí ẹ sọ ọjà di gbọ̀ngàn ìdánwò, kí ẹ máa gbá ọmọ létí lójú èèyàn torí pé ó ṣi ìṣirò. Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ kan.

Àwọn kan á ní Yorùbá yìí á fa ọmọ sẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ní èdè Yorùbá, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn, kódà wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Bí ẹ bá ń ti ọjà bọ̀ tí ẹ gba Fájuyì kọjá, ẹ dúró díẹ̀ níwájú ère Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì. Ọmọ mélòó ló ń wọ ọkọ̀ ní Fájuyì lójoojúmọ́ tó rò pé orúkọ ibùdókọ̀ lásán ni? Ọmọ Adó ni, oṣù kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún akin tó ṣe ní Kóńgò (orílẹ̀-èdè lèyí o, kì í ṣe kóńgò gàrí). Òun ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1966 nígbà tí àwọn ṣọ́jà wá mú Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, tó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pa àwọn méjèèjì ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Ẹ ní kí ọmọ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Yóò rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ọdún ni.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa náà ńkọ́? Ẹ mú ọmọ dání tí ẹ bá ń bọ̀ wá san owó, kó wo ìwé yín. Ká ní bàbá kan yá ₦120,000 fún oṣù 12, tó ń san ₦10,000 lóṣù, tí èlé sì jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí wọ́n bá ń ka èlé lórí iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, yóò san ₦1,200 ní oṣù kìíní, ₦1,100 ní oṣù kejì, títí yóò fi di ₦100 ní oṣù kejìlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,800. Bí wọ́n bá ń kà á lórí gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó di ₦14,400. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń pe èlé méjèèjì o! Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà kò lè ṣe ìṣirò yìí.

Fún àwọn ọmọ yín, èyí ni tiwọn: ₦200,000, oṣù 10, ₦20,000 lóṣù, èlé kan náà, lórí iye tó kù. Èló ni gbogbo èlé rẹ̀? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì bá yín wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá máàkì í.