Ìlà pupa tó ń tú àṣírí ibà

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rọ̀ wá pé ká ṣe àyẹ̀wò ká tó lo oògùn ibà. Ní Ọ̀fàdà, Mowe tàbí Ibafo, àyẹ̀wò náà kò le: wọ́n á gún ọ lọ́mọ ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sójú ike pẹlẹbẹ kan, wọ́n á kán omi àyẹ̀wò tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, èsì ti jáde. Bí ìlà bá yọ ní ojú C àti ojú T tí wọ́n kọ sára ike náà, ibà ni.

Báwo ni ìlà ṣe ń yọ? Inú ike náà ni bébà funfun kan wà tó kún fún ihò tín-ín-tín. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi antibody fa ìlà sí i lára. Antibody yìí jẹ́ pròtéènì alápá méjì, HRP2 ló sì mọ̀ ọ́n mú, ìyẹn pròtéènì tí kòkòrò ibà Plasmodium falciparum ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń fà lọ lára bébà, antibody mìíràn tí wọ́n so mọ́ ègé wúrà tín-ín-tín á ti gbá HRP2 mú, antibody ojú ìlà á sì dá wọn dúró. Wúrà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í dán bíi ti ọrùn ìyàwó. Pupa ló ń pọ́n. Níbi tí wúrà náà bá kóra jọ sí, ibẹ̀ lojú wa ti ń rí ìlà.

Púpọ̀ nínú agbára àyẹ̀wò yìí wà lọ́wọ́ bí antibody ṣe jókòó. Èyí tó bá dojú apá délẹ̀ kò lè mú nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tò wọ́n lórí bébà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fín àmì wẹ́wẹ́ sára wúrà àti gíláàsì. Irun orí nípọn tó bíi nanometer 80,000. Àmì wọn lè má ju 50 lọ. Èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú ni wọ́n fi ń so antibody mọ́ wúrà, kó lè nàró. Wọ́n á wá fi èròjà mìíràn bo àyíká rẹ̀, kí pròtéènì tí a kò wá má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbà pé irú iṣẹ́ yìí ló máa jẹ́ ká rí àìsàn nígbà tó ṣì kéré nínú ẹ̀jẹ̀.

Ti ọwọ́ wa náà wúlò gan-an, àmọ́ HRP2 lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ, kí ìlà T sì máa yọ síbẹ̀. Ooru pẹ̀lú máa ń ba antibody jẹ́, nítorí náà abẹ́ páànù gbígbóná kọ́ ló yẹ kí wọ́n tọ́jú ike àyẹ̀wò sí. Wo ojú C dáadáa: bí ìlà ibẹ̀ kò bá yọ, èsì yẹn kò ṣeé gbà, ní kí wọ́n fi òmíràn ṣe é.