Ohùn Irma Nínú Ilé Ìdáná

Ní oṣù kejì ọdún 1930, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Edgar Rombauer gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Irma, ìyàwó rẹ̀, ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọrọ̀ ajé ìlú sì ti dẹnu kọlẹ̀. Nínú owó díẹ̀ tó kù sí i lọ́wọ́ ló ti yọ nǹkan bí 3,000 dọ́là, ó ní òun fẹ́ fi tẹ ìwé ìdáná. Ó ya àwọn ẹbí lẹ́nu, torí Irma kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yìn fún oúnjẹ sísè. Ó mọ àlejò ṣe, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ó gba ìlànà oúnjẹ sísè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ìbátan, Marion ọmọ rẹ̀ sì ya àwòrán tó wà lójú èèpo ìwé. Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní 1931 kò tẹ ìwé rí. Lébẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń tẹ̀ fún àwọn oníbàtà. Ẹ̀dà 3,000 ni wọ́n tẹ̀. Bí *The Joy of Cooking* ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1936, nígbà tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Bobbs-Merrill gba ìwé náà tẹ̀, Irma kò to èròjà sókè lọ́tọ̀ mọ́. Ibi tó bá ti ní kí ẹ da ìyẹ̀fun sí i, ibẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n ìyẹ̀fun wà. Yóò tún dá ọ̀rọ̀ sí i láàárín, yóò pa yín lẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àǹtí yín ló dúró tì yín nídìí iná. Lójú tèmi, ohùn yẹn ló jẹ́ kí ìwé náà kalẹ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1997. Irma ti kú ní 1962, Marion ní 1976. Àwọn tó ń tẹ ìwé náà kó àwọn ọ̀jáfáfá jọ láti tún un kọ. Ìmọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ orí tó sọ̀rọ̀ nípa áísìkiriìmù àti èyí tó kọ́ni bí a ṣe ń fi èso pamọ́ sínú ìgò, ohùn Irma sì pòórá. Inú bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé, wọ́n rọ̀ mọ́ ẹ̀dà 1975 tó ti gbó lọ́wọ́ wọn.

Mi ò lè bá wọn wí. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, bọ́tà ti rin ojú ewé kéèkì Kérésìmesì, ìyá sì ti fi bíírò kọ ọ́ sétí ìwé pé kí wọ́n dín ṣúgà kù. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ á mọ oúnjẹ tí ilé wọn fẹ́ràn láìbi ẹnikẹ́ni; ojú ewé tó dọ̀tí jù ni kó ṣí.

Ní 2006, wọ́n dá púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n yọ padà. Ní 2019, John Becker, ọmọ-ọmọ Marion, àti Megan Scott ìyàwó rẹ̀ tún gbé ẹ̀dà mìíràn jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn se ọ̀pọ̀ ìlànà àtijọ́ wò nínú ilé ìdáná tiwọn.